Ọkọ̀ Ìjọ Ti Ṣí, Ta Ló Kù ní Erékùṣù?

Nínú ìtàn iṣẹ́ ìhìnrere láàárín erékùṣù, ọkọ̀ ló máa ń gba ìyìn. Melanesian Mission, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà ní gúúsù Òkun Pàsífíìkì, ní ọkọ̀ tó ń jẹ́ Southern Cross. Àkọ́kọ́ rẹ̀ dé ní 1855. Bí ọ̀kan bá gbó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń sọ èyí tó bá rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe wà lórí omi títí di àsìkò tiwa.

Ọkọ̀ náà yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sùn ní abúlé. Láyé àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń yọ sí erékùṣù kan. Wọ́n á já ẹrù, bíṣọ́ọ̀bù á ṣe ìsàmì, á gbọ́wọ́ lé àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ tán lórí, á pín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ilẹ̀ kò sì ní pẹ́ ṣú kí ọkọ̀ tó ṣí. Oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ta ló ń lu agogo? Ta ló ń sin òkú? Ta ló ń parí ìjà ààlà oko láàárín ọmọ ìjọ méjì tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà? Ẹni yẹn, katikíìsì, olùkọ́ ìjọ tó ń gbé abúlé, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìjọ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Orílẹ̀-èdè Solomon Islands, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1978. Erékùṣù ibẹ̀, ńlá àti kékeré, lé ní 900. Honiara ni olú-ìlú, ní erékùṣù Guadalcanal. Èdè tí wọ́n ń sọ lé ní 60, Pijin ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Láti Honiara dé Tikopia, tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn, tó bí 1,000 kìlómítà. Ó jìn ju Èkó sí Kánò lọ, omi sì ni gbogbo rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣètò ọdún fún wọn. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wá láti gúúsù ìlà-oòrùn láìsinmi, etíkun tó bá kọjú sí i á sì máa ru. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin, á yí padà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, òjò á pọ̀, ìjì ńlá lè dìde nígbàkigbà. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù Guadalcanal, tí wọ́n ń pè ní Weathercoast, kò ní èbúté tó fara sin sí afẹ́fẹ́. Àárín ìgbì ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà ìjọ nìkan ṣètò ìbẹ̀wò, tí kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja, á bá Kérésìmesì ní etí omi níbi tó ti ń retí kí òkun rọ̀.

George Augustus Selwyn, bíṣọ́ọ̀bù New Zealand, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1849 pẹ̀lú Undine, ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 21. Ibà ń pa òyìnbó, èdè sì pọ̀ ju ohun tí àwọn ajíhìnrere mélòó kan lè kọ́. Ó wá pinnu pé ọmọ erékùṣù ni yóò wàásù fún ọmọ erékùṣù. Ó fi iṣẹ́ náà wé àwọ̀n: àwọn òyìnbó díẹ̀ ni kọ́ọ̀kì tó ń léfòó, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni àwọ̀n fúnra rẹ̀. Apẹja tó bá gbọ́ èyí mọ èwo nínú méjèèjì ló ń mú ẹja.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ọkọ̀ á dé etí erékùṣù, wọ́n á fi ìwọ̀ ẹja, àáké àti aṣọ tọrẹ, wọ́n á gba iṣu àti àgbọn, wọ́n á sì tọrọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tàbí méjì lọ́wọ́ àwọn òbí. Wọ́n á kó wọn lọ sí ilé-ìwé ní Auckland; láti 1867, erékùṣù Norfolk ni ilé-ìwé náà wà. Èdè Mota, èdè erékùṣù kékeré kan ní àwọn erékùṣù Banks, ní Vanuatu òde òní, ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á dá ọmọ padà sílé kó lè dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. George Sarawia, ọmọ Banks, ni àlùfáà àkọ́kọ́ tó ti inú wọn jáde: díákónì ní 1868, àlùfáà ní 1873.

Ètò náà ní làákàyè nínú, ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ tètè hàn. Kíkó ọmọ oríṣiríṣi erékùṣù sínú ilé kan ń jẹ́ kí àrùn ràn. Ní 1863, ìgbẹ́ ọ̀rìn pa lára àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ní Kohimarama lẹ́bàá Auckland. Èyí tó tún le ni ìpadàbọ̀. Ọmọ tó kúrò nílé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó padà ní ọmọ ogún ọdún, mọ ìwé, kò mọ oko. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ipò àgbà. Kò ní ẹlẹ́dẹ̀, kò ní owó ìkarahun tí yóò fi fẹ́ ìyàwó, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè jọ gbàdúrà. Bí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀, kì í pẹ́ tí ìwé fi ń lọ sí òkè àjà. Ìrírí ló kọ́ àwọn ajíhìnrere pé kí wọ́n máa dá méjì padà pọ̀, tàbí tọkọtaya. Pé kí wọ́n kọ́ ọmọbìnrin náà, kí ọkùnrin lè rí aya tí wọ́n jọ gbà gbọ́. Pé kí ọmọ ilé-ìwé máa dáko oúnjẹ ara rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà rọ̀. Mo ka ẹ̀kọ́ ìkẹyìn yìí sí èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ní erékùṣù, olùkọ́ tí kò lè dáko ti di ẹrù lórí abúlé kí ọdún tó yí po.

Gígúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó ní ìmọ̀. Àpáta iyùn ló yí ọ̀pọ̀ erékùṣù wọ̀nyẹn ká lábẹ́ omi. Bí òkun bá kún, ọkọ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá; bí òkun bá fà, àpáta á yọ, ọ̀nà á dí. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí omi ń fà ti há sínú títí omi yóò fi padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Nukapu ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1871 nìyẹn. Omi ti fà, ọkọ̀ kékeré tó gbé John Coleridge Patteson, bíṣọ́ọ̀bù Melanesian Mission, kò lè kọjá. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn ará erékùṣù, ó bá wọn lọ sí èbúté. Àwọn tó bá a wá dúró lẹ́yìn àpáta. Wọ́n pa á nínú ilé. Ọfà sì bá àwọn tó ń dúró. Nígbà tí omi kún, Joseph Atkin, tó ti gbọgbẹ́ ọfà, ló tún padà lọ gbé òkú rẹ̀, nítorí òun ló mọ ọ̀nà àárín àpáta. Wọ́n bá a nínú ọkọ̀ kan tó ń léfòó, ẹní ni wọ́n fi dì í, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ta ní kókó márùn-ún sì wà ní àyà rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú ẹran ara gan, pa Atkin àti Stephen Taroaniara, ọmọ erékùṣù San Cristobal.

Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù ni pé ẹ̀san ni, nítorí ọkùnrin márùn-ún tí ọkọ̀ àwọn akóniṣiṣẹ́ ti jí gbé ní àdúgbò náà. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn rẹ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó ọkùnrin lọ sí oko ìrèké ní Queensland, ní Australia, àti ní Fiji, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀tàn tàbí agbára, tó fi jẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lé e lórí ní 1872. Fún ẹni tó dúró ní etíkun, ìgbòkun kan náà ni ajíhìnrere àti ajínigbé fi ń bọ̀. Olùkọ́ tó ń gbé abúlé kò ní irú ìṣòro yẹn. Wọ́n mọ ìyá rẹ̀, wọ́n mọ oko rẹ̀, wọ́n mọ gbèsè tó jẹ.

Láti inú oko ìrèké náà ni ìjọ mìíràn sì ti hù. Peter Ambuofa, ọmọ erékùṣù Malaita ní Solomon Islands, di onígbàgbọ́ ní Queensland, ó padà sí Malu'u ní 1894. Kò sí àlùfáà tó tẹ̀ lé e, kò sí owó oṣù. Àwọn ará ilé rẹ̀ kọ̀ ọ́, àwọn kan wá ẹ̀mí rẹ̀. Ó dáko, ó ń gbàdúrà, ó ń kọ́ ẹni tó bá wá ní ìwé, títí abúlé onígbàgbọ́ fi yí i ká. Florence Young, tó dá Queensland Kanaka Mission sílẹ̀ ní 1886, kò tíì rán ẹnì kankan sí Malaita nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ní 1904, wọ́n bá ìjọ nílẹ̀. Abẹ́òkúta mọ irú ìtàn yìí: àwọn Sàró tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní 1839 ti ń pé jọ gbàdúrà kí Henry Townsend tó wọ̀lú ní 1843.

Nígbà tí mo ti dárúkọ ilé, kí n fi ọ̀rọ̀ Samuel Ajayi Crowther kún un. Ní 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn Patteson. Odò Ọya ni ọ̀nà tirẹ̀. Ìgbà tí odò bá kún, láti nǹkan bí oṣù keje dé oṣù kẹwàá, ni ọkọ̀ lè gòkè dáadáa, ọkọ̀ oníṣòwò ló sì sábà máa ń bá lọ. Oníṣẹ́ ìjọ tó wà ní òkè odò lè má rí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ní 1890, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere yẹ iṣẹ́ náà wò, tí wọ́n dá àwọn kan dúró, ìwà ẹni kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Ó dùn mí pé wọn kò fi ìdajì ojú yẹn wo ìdánìkanwà: ọkùnrin kan, ìdílé kan, ní ìlú tí èdè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, tí ọ̀nà kan ṣoṣo láti jẹun sì jẹ́ òwò tí wọ́n padà wá fi ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ní Tikopia, ẹni tó gbé ibẹ̀ ni Ellison Tergatok, ọmọ Banks. Ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Ìjòyè mẹ́rin ló ń ṣe àkóso erékùṣù náà. Ariki Tafua àti àwọn ènìyàn rẹ̀ di onígbàgbọ́ ní àwọn ọdún 1920. Àwọn mẹ́ta tó kù di àṣà baba wọn mú títí di àárín àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn ìjì, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn. Ọgbọ̀n ọdún ni ìdajì erékùṣù kan ń jọ́sìn tí ìdajì kejì ń bọ òrìṣà, lórí ilẹ̀ tí kò ju kìlómítà márùn-ún níbùú lóòró lọ, láìsí ogun. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti pínpín oúnjẹ ló so ìhà méjèèjì pọ̀, ẹni tó sì jẹ́ àna wọn ló mọ ibi tí wọ́n ti lè tẹ̀ síwájú láìjá ìsopọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Tikopia tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní ibi kékeré rò jinlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ iye ẹnu tí ilẹ̀ wọn lè bọ́. Àwọn àbúrò nínú ìdílé sábà máa ń wà láìgbéyàwó, wọ́n ń ṣẹ́ oyún, wọ́n ń pa ọmọ ìkókó mìíràn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkun láìpadà bọ̀. Ìjọ ní kí wọ́n dẹ́kun pípa ọmọ, kí ẹni tó fẹ́ràn ara wọn ṣègbéyàwó. Mo gbà pé ìjọ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ènìyàn bíi 1,300 tó wà níbẹ̀ ní 1929 ti lé ní 1,700 ní 1952, ọdún tí ìjì bà oko wọn jẹ́, ìyàn sì dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan ṣí lọ sí àwọn erékùṣù Russell, tí wọ́n tẹ ibùdó dó síbẹ̀. Ìwàásù tó bá yí àṣà ìbímọ padà gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ àti oúnjẹ rìn pọ̀. Ẹni tó ń bá ọkọ̀ kọjá kò ní rí ìsopọ̀ yẹn. Ẹni tó ń wa kókò níbẹ̀ á rí i kí ìyàn tó dé.

Kí ni katikíìsì ń ṣe gan-an lójoojúmọ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nǹkan bí aago mẹ́fà, á lu agogo. Ọ̀pọ̀ agogo jẹ́ àgbá gáàsì òfìfo tí wọ́n so mọ́ igi, tí wọ́n ń fi irin lù. Àdúrà Òwúrọ̀ látinú Ìwé Àdúrà, orin, ìwé kíkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kéde iṣẹ́ ọjọ́ náà: ta ló ń lọ túnlé opó, ta ló ń gé koríko àyíká ilé ìwòsàn. Ní ìrọ̀lẹ́, agogo á tún dún. Láàárín méjèèjì, ó wà nínú oko tàbí lórí omi bíi gbogbo ènìyàn. Ó ń sin òkú, nítorí ooru ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí òkú dúró de àlùfáà. Ọmọ tuntun tó bá ń kú lọ, ó lè ṣe ìsàmì fún un pẹ̀lú omi lásán ní orúkọ Mẹ́talọ́kan. Kó kọ orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀ kíákíá, kí àlùfáà má baà tún un ṣe. Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè ní ìjọ èyíkéyìí: ibi tó bá ti ní àlàfo ọdún méjì, ibẹ̀ ni katikíìsì ti kúrò tàbí tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ katikíìsì kì í gba owó oṣù. Àdéhùn ni pé abúlé á máa ràn án lọ́wọ́ nínú oko. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn á jáde. Ní ọdún kẹta, obìnrin opó méjì àti àwọn ọmọdé ló kù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n yan ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù fún oko rẹ̀, kí wọ́n pín in sí ìdílé-ìdílé, kí ó sì jẹ́ pé olórí abúlé ló ń kéde rẹ̀. Bó bá jẹ́ katikíìsì fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè, ojú á tì í, á dákẹ́, á sì lọ wá iṣẹ́ ní Honiara. Ẹgbẹ́ Ìyá, tó lágbára gan-an ní gbogbo Mẹlanísíà, àgbègbè àwọn erékùṣù wọ̀nyí, ló sábà máa ń gbà á sílẹ̀: wọ́n ń mọ ẹni tí ebi ń pa nínú ilé kí ọkùnrin tó mọ̀.

Àwọn ohun èlò Oúnjẹ Olúwa ní ọgbọ́n tiwọn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mu mílílítà mẹ́wàá, ìgò wáìnì mílílítà 750 kan á tó ènìyàn 75. Bí wáìnì ṣe máa ń dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún 60. Àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò máa ń hu ebu kíákíá nínú ọ̀rinrin. Inú agolo tó dé gírígírí ló ń gbé, pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ tí wọ́n yan gbẹ, tí wọ́n dì sínú aṣọ, kó lè máa fa ọ̀rinrin náà.

Ọkọ̀ tí àlùfáà fi ń rìn láàárín abúlé lónìí sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ fáíbà tó gùn tó bíi mítà méje, tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 lè mu lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan bí wọ́n bá fún un ní gbogbo agbára rẹ̀. Òfin tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rú ni ti ìdá mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀. Ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, ìdá 50 sí 1 ló wọ́pọ̀, ìyẹn ìdajì lítà ọ́ìlì sí lítà 25 pẹtiróòlù. Ẹ́ńjìnnì tuntun ń fẹ́ ìlọ́po méjì ọ́ìlì yẹn ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ọ́ìlì bá kéré, písítìnì á há. Bó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì kú láàárín òkun. Omi nínú epo ló tún ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí ìta ni dúrọ́ọ̀mù epo ń dúró, òjò ń gba ìdérí wọlé. Kí wọ́n jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì sinmi di òwúrọ̀, kí wọ́n da epo láti òkè, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Púlọ́ọ̀gì méjì, irinṣẹ́ tó ń tú u, okùn tó ń tá ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ méjì, igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi, dígí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ọkọ̀ tó bá ń kọjá: gbogbo rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kí aṣọ àlùfáà tó wọlé.

Lórí ilé ìjọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rán owó ránṣẹ́ máa ń fẹ́ kọ́ ilé ńlá. Èmi ní tèmi, páànù àti táńkì ni mo máa fi ṣáájú. Ewé igi ságò tí wọ́n ń rán bo ilé dára, ó tutù, ilẹ̀ wọn ló ti ń wá, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ pípààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sì ṣeé gba omi mímu lórí rẹ̀. Páànù ṣeé gbà. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Ilé ìjọ tó gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní 8, jẹ́ 120. Òjò mílímítà 25 lórí rẹ̀ jẹ́ lítà 3,000. Bí a bá yọ ìdá márùn-ún kan fún èyí tó ta sílẹ̀, 2,400 ló kù. Fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń lo lítà márùn-ún lójúmọ́ fún mímu àti sísè, táńkì lítà 10,000 á tó ogún ọjọ́. Ní àwọn erékùṣù pẹlẹbẹ, tí kànga wọn ti ń dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀, ogún ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín dídúró àti ṣíṣí lọ. Ohun tó ń bàjẹ́ kò pọ̀, wọn kì í sì yí padà: ìṣó máa ń dípẹtà kí páànù tó dípẹtà, nítorí náà ìṣó onírọ́bà tí wọ́n fi síńkì bò ni kí wọ́n lò, ewé máa ń dí gọ́tà, ìdérí táńkì tí kò ní nẹ́ẹ̀tì á di ilé ẹ̀fọn ní ilẹ̀ tí ibà pọ̀ sí, ẹnu ẹ̀rọ omi á sì já lọ́jọ́ tí ọmọdé bá gùn ún. Kí wọ́n ra ẹnu ẹ̀rọ méjì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra táńkì.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ Mẹlanísíà kí n má sọ ti àwọn Tasiu, àwọn arákùnrin Melanesian Brotherhood. Ini Kopuria, ọmọ Maravovo ní Guadalcanal, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1925 ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ní Tabalia, lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ́ náà jẹ́ mẹ́ta: àìní ohun ìní, àìgbéyàwó, ìgbọràn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ títí ayé. Ọdún mélòó kan ni, ẹni tó bá fẹ́ á tún un jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ á padà sílé láti gbéyàwó, àbùkù kò sí níbẹ̀. Kopuria fúnra rẹ̀ gba ìtúsílẹ̀ ní 1940, ó sì gbéyàwó. Mo rí ọgbọ́n púpọ̀ nínú èyí, nítorí ọkùnrin tó ti fi ọdún márùn-ún, mẹ́fà rìn láàárín abúlé àjèjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ń padà sí abúlé rẹ̀ láti di irú àgbà ìjọ tí owó kò lè rà. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Wọ́n ń jẹ ohun tí abúlé bá gbé síwájú wọn, wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko.

Nígbà ìjà ẹ̀yà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 láàárín àwọn ọmọ Guadalcanal àti ọmọ Malaita, wọ́n pàgọ́ sí àárín àwọn ọmọ ogun méjèèjì, wọ́n ń gbé òkú àti àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú padà fún ẹbí wọn, wọ́n sì ń gba ìbọn lọ jù sínú òkun. Ní ọdún 2003, Arákùnrin Nathaniel Sado lọ bá Harold Keke, olórí ajagun ní Weathercoast, kò padà. Ní oṣù kẹrin, Robin Lindsay àti arákùnrin márùn-ún mìíràn lọ wá a. Wọ́n pa gbogbo wọn. Àwọn abúlé tó bọ̀wọ̀ fún ọ̀pá Tasiu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀ wá rí i pé ẹni tó mú ọ̀pá náà lè kú. Àwọn kan gbà pé ikú méje yẹn wà lára ohun tó mú kí ará ìlú kọ̀yìn sí ìjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Keke jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ìpínyà ìjọ tún ń wọ abúlé kékeré lọ́nà tí ará ìlú ńlá kì í ronú kàn. Níbi tí Áńgílíkà àti Adventist bá jọ ń gbé, ọjọ́ ìsinmi di méjì, àsè náà sì di méjì, nítorí Adventist kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe ìlàjà àti ìgbéyàwó. Katikíìsì tó gbọ́n á rí i pé adìẹ àti ẹja wà lórí tábìlì kan náà.

Ìjì Zoe kọlu Tikopia àti Anuta ní òpin oṣù kejìlá ọdún 2002, ọ̀kan nínú èyí tó le jù ní àgbègbè náà. Ó wó ilé, ó gé igi, ó já adágún omi tútù Tikopia sínú òkun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kí ọkọ̀ ìrànwọ́ tó dé. Ẹnì kankan kò kú. Wọ́n mọ ihò àpáta tí àwọn baba wọn ń sá sí, àwọn àgbà tètè kó wọn lọ, wọ́n sì ti ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Èyí tó ń bọ̀ lọ́nà kò ní ihò àpáta tó lè gbà á. Ní gúúsù Malaita, àwọn ará Walande fi ọwọ́ kó òkúta iyùn jọ ṣe erékùṣù, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ pẹ́. Ìgbì 2009 wó ilé wọn púpọ̀. Nígbà tó fi di 2011, gbogbo wọn ti kó lọ sórí ilẹ̀ ńlá tó wà lódì kejì. Ìjọ tó wà ní irú ibẹ̀ ní iṣẹ́ kan níwájú báyìí, ilẹ̀ ni. Ìdílé ló ni ilẹ̀ ní Solomon Islands, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ni ìwé rẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn ìdílé méjèèjì, tó mọ ìgbéyàwó tó so wọ́n pọ̀ àti gbèsè tó wà nílẹ̀, ni kí wọ́n rán lọ tọrọ ilẹ̀, pẹ̀lú owó ìkarahun àti ẹlẹ́dẹ̀, nígbà tí omi kò tíì wọlé, nítorí ẹni tó dé pẹ̀lú ọmọ tó tutù lẹ́yìn kò ní agbára àtidúnàá-dúrà. Kí àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ jọ fi ẹsẹ̀ rin ààlà, kí wọ́n gbin igi sí i, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìhà méjèèjì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, oko ṣáájú ilé. Ànàmọ́ ń fẹ́ oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, kókò lè gba ọdún kan, ọ̀pọ̀ àgbọn kì í so ṣáájú ọdún márùn-ún. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kó kọ́kọ́ rékọjá láti gbìn ín, kí katikíìsì wà lára wọn, kí ẹlòmíràn tí wọ́n ti kọ́ sì gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀ ní abúlé àtijọ́.